Màmá Wa Ti Kú, Ṣé Ìlérí Tó Gbà Náà Ti Kú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, bàbá wa. Ìjèrù ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Lọ́dún 1999, màmá wa di Aísáyà 54:13 mú gẹ́gẹ́ bí ìlérí Ọlọ́run lórí àwa ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn Bíbélì wọn, wọ́n sì kọ déètì sí i. Àwa mẹ́ta wà nínú ìgbàgbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ti fi ilé sílẹ̀ tipẹ́, kì í dé ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló sì máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Màmá kú lọ́dún 2021, wọn ò rí i kó yí padà. Lọ́dún tó kọjá, wòlíì kan sọ fún mi pé láàrin oṣù mẹ́ta ẹ̀gbọ́n mi á wálé, á sì kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ. Oṣù mẹ́ta pé, a ò rí nǹkan kan. Wòlíì ní owó ẹbọ ọpẹ́ tí a ò tíì san ló dí i lọ́nà. Àbúrò mi ní ìlérí yẹn ti bá màmá wọ sàréè, kí n yéé da ara mi láàmú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, sà? Ṣé kí n sì san owó náà?

Ìdáhùn: Arábìnrin wa, ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá, bó tilẹ̀ ti ṣe díẹ̀. Kí n tètè sọ ọ́: ìlérí tí Ọlọ́run bá fẹnu ara rẹ̀ ṣe kì í bá ẹni tó gbà á wọ sàréè. Lórí ìyẹn, àbúrò yín ò tọ̀nà. Ṣùgbọ́n mi ò lè dúró síbẹ̀, torí mo rí i nínú lẹ́tà yín pé ohun tí Ọlọ́run sọ, ohun tí màmá gbà lọ́kàn, àti ohun tí wòlíì bù mọ́ ọn ti lọ́ mọ́ra. Ẹni tí ò bá tú wọn sọ́tọ̀ á máa bínú sí Ọlọ́run lórí ọ̀rọ̀ tí kò ti ẹnu Ọlọ́run jáde.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ti ikú. Ẹni ọdún 75 ni Ábúráhámù nígbà tó kúrò ní Háránì. Ó ti pé ẹni 100 ọdún kí wọ́n tó bí Ísáákì. Ọdún 25 tó wà láàrin yẹn la máa ń wàásù lé lórí; a ó ní ẹ dúró de Olúwa, ìjọ á ní àmín, a ó túká. Ṣùgbọ́n ọmọ nìkan kọ́ ni Ọlọ́run ṣèlérí fún bàbá yìí. Ó ṣèlérí ilẹ̀ Kénáánì fún un, ìyẹn ni kò sì rí gbà títí ó fi kú lẹ́ni ọdún 175. Nígbà tí Sárà kú, kò ní ibi tí yóò sin ìyàwó rẹ̀ sí. Ó dìde lọ bá àwọn ọmọ Hétì, ó tẹrí ba fún wọn, ó ní kí wọ́n ta ilẹ̀ ìsìnkú fóun. Éfírónì dárúkọ ṣékélì fàdákà 400. Ábúráhámù ò ná an, ó wọn owó náà fún un lójú gbogbo àwọn tó wà lẹ́nu ibodè. Ihò Mákípẹ́là nìyẹn. Ẹni tí Ọlọ́run ti fún ní gbogbo ilẹ̀ ló ń fowó ara rẹ̀ ra ibojì nínú ilẹ̀ náà.

Kí ló dé tí kò fi sọ pé Ọlọ́run tan òun jẹ? Torí Ọlọ́run ti sọ ọ́ fún un tẹ́lẹ̀. Ẹ lọ ka Jẹ́nẹ́sísì 15, láti ẹsẹ 13: àwọn ọmọ rẹ yóò ṣe àlejò nílẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn fún 400 ọdún, lẹ́yìn náà ni wọn yóò padà wá síbí, ìwọ ní tìrẹ, wàá lọ bá àwọn baba rẹ ní àlàáfíà, ọjọ́ ogbó rere la ó sin ọ́. Ẹ ò rí i báyìí. Inú ìlérí yẹn gan-an ni ikú Ábúráhámù wà. Ọlọ́run ti ka ikú rẹ̀ mọ́ ọn kó tó la ẹnu. Ìdí nìyẹn tí ìwé Hébérù, orí 11, fi lè sọ nípa òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé gbogbo wọn kú nínú ìgbàgbọ́ láì rí àwọn ìlérí náà gbà, pé òkèèrè ni wọ́n ti rí wọn tí wọ́n sì kí wọn. Kò sọ pé wọ́n kú nínú ìjákulẹ̀.

Èyí tó wú mi lórí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Jósẹ́fù. Igbákejì Fáráò ni, ó lè ní kí wọ́n kọ́ ibojì tó tóbi fóun ní Íjíbítì, wọn á sì kọ́ ọ. Dípò bẹ́ẹ̀, nígbà tó kù díẹ̀ kó kú, ó mú àwọn èèyàn rẹ̀ búra pé Ọlọ́run yóò bẹ̀ yín wò dájúdájú, bí ẹ bá sì ń lọ, ẹ kó egungun mi dání. Ẹni 110 ọdún ni nígbà tó kú. Wọ́n kùn ún lọ́ṣẹ kí ara rẹ̀ má bàa bàjẹ́, wọ́n tẹ́ ẹ sínú pósí. Gbólóhùn tí ìwé Jẹ́nẹ́sísì fi parí nìyẹn: pósí kan, ní Íjíbítì. Mo máa ń ro ti pósí yẹn. Ìran kan ń kú, òmíràn ń dìde. Fáráò tí kò mọ Jósẹ́fù gorí oyè. Bíríkì ni wọ́n ń yọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹgba ni lẹ́yìn wọn, wọ́n ń da àwọn ọmọkùnrin jòjòló sódò, pósí ṣì wà níbi tó wà. Kò sí nínú ìwé, ṣùgbọ́n mo gbà pé àwọn ọmọdé á ti béèrè lọ́wọ́ àwọn bàbá wọn pé kí ló wà nínú èyí, àwọn bàbá á sì ní egungun ẹni tó sọ pé a ò ní parí síbí ni. Lóru ọjọ́ tí Ísírẹ́lì jáde, tí kálukú ń di ìyẹ̀fun tí kò tíì wú mọ́ aṣọ, tí wọ́n ń gbé e lé èjìká, egungun Jósẹ́fù ni Mósè kó dání. Wọ́n gbé e kiri aginjù fún 40 ọdún. Ṣékémù ni wọ́n sin ín sí níkẹyìn, lórí ilẹ̀ tí Jékọ́bù bàbá rẹ̀ ti fowó rà. Jóṣúà 24:32 ni, ẹsẹ kan ṣoṣo, n ò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kà á lórí àga ìwàásù.

Bó bá ṣe pé ọjọ́ orí ẹni tó gbọ́ ìlérí ni Ọlọ́run fi ń díwọ̀n ìlérí, egungun yẹn kò ní kúrò ní Íjíbítì láéláé.

Ó yá, oṣù mẹ́ta wòlíì yín. Ẹsẹ tó wọ́pọ̀ jù lára ògiri pálọ̀ wa àti lẹ́yìn mọ́tò láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ ni Jeremáyà 29:11, pé Olúwa mọ èrò tí òun ń rò sí wa, èrò àlàáfíà. Ẹsẹ 10 ni ẹnikẹ́ni kì í kọ sára mọ́tò. Ẹsẹ 10 ní ìgbà tí 70 ọdún bá pé ní Bábílónì ni òun yóò tó mú wọn padà. Lẹ́tà ni orí náà. Jeremáyà kọ ọ́ sáwọn tí Nebukadinésárì ti kó lẹ́rú lọ lọ́dún 597 ṣáájú ìbí Jésù: ẹ kọ́ ilé síbẹ̀, ẹ gbin ọgbà, kí ẹ jẹ èso rẹ̀, ẹ fẹ́ ìyàwó fáwọn ọmọkùnrin yín, ẹ fi àwọn ọmọbìnrin yín fọ́kọ, ẹ máa gbàdúrà fún ìlú tí ẹ wà. Ẹni 40 ọdún tí wọ́n bá ka lẹ́tà yẹn fún mọ̀ pé ibẹ̀ lòun máa kú sí. Síbẹ̀ tirẹ̀ ni ìlérí ẹsẹ 11.

Orí tó ṣáájú rẹ̀, orí 28, ni ó kan ọ̀rọ̀ yín gbọ̀ngbọ̀n. Wòlíì kan ń bẹ tó ń jẹ́ Hananáyà, ará Gíbéónì. Ó dúró nínú tẹ́ńpìlì níwájú àwọn àlùfáà àti gbogbo èèyàn, ó ní báyìí ni Olúwa wí, láàrin ọdún méjì, gbogbo ohun èlò tẹ́ńpìlì àti gbogbo ìgbèkùn yóò padà wálé. Ọdún méjì, kì í ṣe 70! Ẹ wo bó ṣe dùn tó. Jeremáyà pàápàá dáhùn pé àmín, kí Olúwa ṣe bẹ́ẹ̀. Hananáyà já àjàgà igi tó wà lọ́rùn Jeremáyà, èyí tó gbé kọ́rùn gẹ́gẹ́ bí àmì ìsìnrú Bábílónì, ó ṣẹ́ ẹ lójú gbogbo wọn. Ká ní àìsùn ọdún tuntun ni, ẹ̀yin náà mọ ẹni tí ìjọ á fò sókè fún nínú àwọn méjèèjì. Jeremáyà ò bá a jà, ó bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni Olúwa rán an padà: àjàgà igi lo ṣẹ́, ti irin ni yóò rọ́pò rẹ̀, o ti mú kí àwọn èèyàn yìí gbẹ́kẹ̀ lé irọ́. Nínú oṣù keje ọdún náà, Hananáyà kú.

Púpọ̀ nínú ohun tí Hananáyà sọ pé yóò ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀ o, ìgbèkùn padà wálé lóòótọ́, wọ́n sì kó ohun èlò tẹ́ńpìlì dání. Ọjọ́ ni irọ́ rẹ̀. Nínú àwọn tó máa ń wá bá mi pẹ̀lú omijé pé Ọlọ́run já àwọn kulẹ̀, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹnìkan lẹ̀ mọ́ ìlérí ló já wọn kulẹ̀, tí wọ́n sì wá ru ẹ̀bi rẹ̀ lé ìlérí lórí. Ìwòsàn, ọmọ, ìwé ìrìnnà, ọkọ, kò sí èyí tí a kì í fi déètì sí. Mo rò pé ẹ̀ṣẹ̀ àwa oníwàásù ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ wá bá mi ká wo orí 32, torí tí mo bá fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni nípa ìlérí tó ń pẹ́, ibẹ̀ ni mo máa ń lọ. Nǹkan bí ọdún 587 ni. Àwọn ará Bábílónì ti yí Jerúsálẹ́mù ká, wọ́n ti mọ òkìtì ti odi ìlú, ebi ń pa èèyàn nínú rẹ̀. Inú àgbàlá túbú ni Jeremáyà wà, ọba Sedekáyà ló tì í mọ́lé. Hanamẹ́lì, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, wọlé wá bá a, ó ní bọ̀dá, ẹ wá ra ilẹ̀ mi ní Ánátótì, ẹ̀yin lẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ánátótì ò jìnnà sí Jerúsálẹ́mù, abúlé tí wọ́n ti bí Jeremáyà ni, àwọn ará ibẹ̀ sì ti gbìmọ̀ rí láti pa á. Lákòókò yẹn, àwọn ọmọ ogun Bábílónì ló gba gbogbo agbègbè náà kan. Ta ni í ra ilẹ̀ tí ọ̀tá ti tẹ́ àgọ́ sí? Ṣùgbọ́n Olúwa ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé Hanamẹ́lì ń bọ̀, kó rà á.

Ṣékélì fàdákà 17 ló san. Ó fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Ó kọ ìwé, ó fi èdìdì dì í, ó pe àwọn ẹlẹ́rìí, wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà méjì ni, ọ̀kan tí a dì, ọ̀kan tí a ṣí sílẹ̀. Ó kó méjèèjì fún Bárúkù akọ̀wé rẹ̀ lójú àwọn Júù tó jókòó sí àgbàlá, ó ní kó kó wọn sínú ìkòkò amọ̀ kí wọ́n lè wà fún ọjọ́ púpọ̀, torí Olúwa ní a ó tún máa ra ilé àti oko àti ọgbà àjàrà nílẹ̀ yìí. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ nílùú wa yóò mọ ìdí tó fi ṣe ìwé náà fínnífínní tó bẹ́ẹ̀: ẹni tó tà á lè kú, ẹni tó rà á lè kú, gbogbo ẹlẹ́rìí lè kú tán, ìwé ni yóò dìde sọ̀rọ̀ fún ọmọ-ọmọ lọ́jọ́ tí ìjà bá dé.

Ẹ wo ohun tó ṣe lẹ́yìn tó sanwó tán, ó sì tù mí nínú pé wọn ò yọ ọ́ kúrò nínú ìwé. Ó gbàdúrà, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyìn, pé kò sí ohun tó le jù fún Ọ. Nígbà tó máa fi dé ìparí, ohùn rẹ̀ ti yí. Ó ní wo òkìtì ogun lẹ́nu odi, ohun tí O sọ ti dé, O sì ń rí i. Síbẹ̀ Ìwọ lo sọ fún mi pé kí n lọ fowó ra ilẹ̀! Bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn nígbà tí ojú ń rí òkodoro, tí etí sì ń gbọ́ ìlérí. Ọlọ́run ò bá a wí.

Jeremáyà ò gbin nǹkan kan sórí ilẹ̀ yẹn. Ìlú wó lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ṣẹ́ kù fipá mú un lọ sí Íjíbítì, Bíbélì ò sì sọ pé ó padà. Ilẹ̀ tó ra, ìwé inú ìkòkò, òfò ni lójú ẹnikẹ́ni tó bá ṣírò rẹ̀ lọ́jọ́ tó kú. Lọ́dún 539, Bábílónì bọ́ sọ́wọ́ Páṣíà. Lọ́dún 538, ọba Kírúsì pàṣẹ pé kí àwọn Júù máa lọ sílé. Ẹ́sírà orí kejì ka àwọn tó padà, ìlú lẹ́yìn ìlú, iye lẹ́yìn iye, irú orí tí a máa ń fò nígbà tí a bá ń ka Bíbélì já lọ́dún. Ẹ má fò ó. Ẹ wo ẹsẹ 23: àwọn ọkùnrin Ánátótì, 128.

Wọ́n padà sílé sí Ánátótì gan-an, àwọn ọmọ-ọmọ àwọn tó fẹ́ pa Jeremáyà, nǹkan bí 50 ọdún lẹ́yìn tí Bárúkù fi ìwé sínú ìkòkò.

Ní ti kí ẹ yéé da ara yín láàmú tí àbúrò yín sọ, Dáníẹ́lì ni kó dá a lóhùn. Ọmọdékùnrin ni wọ́n kó o lọ sí Bábílónì, àgbàlagbà arúgbó ló jẹ́ nígbà tó jókòó ti ìwé Jeremáyà, tó rí i pé 70 ọdún ti fẹ́ pé. Kò káwọ́ lẹ́rán pé ohun tí yóò ṣẹ á ṣẹ. Ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀, ó gbààwẹ̀, ó gbàdúrà. Àdúrà yín kì í ṣe ìdààmú.

Ẹnìkan á fẹ́ fi 2 Pétérù 3:8 tù yín nínú, pé ọjọ́ kan lójú Olúwa dà bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn kan ti sọ ẹsẹ yìí di ìṣirò, wọ́n ń fi ẹgbẹ̀rún lé ẹgbẹ̀rún. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹsẹ 9 ni kí ẹ kà. Ó ní Olúwa ò fi ìlérí rẹ̀ falẹ̀ bí àwọn ẹlòmíràn ti ń ka ìfalẹ̀ sí. Sùúrù ló ń ṣe, torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣègbé. Ẹ fi ẹ̀gbọ́n yín sí i. Gbogbo ọdún tó ń dùn yín wọ̀nyí pé ó pẹ́ jù, inú wọn lẹ̀gbọ́n yín ti ń mí.

Àpẹẹrẹ kan wà ní ìlú wa, ẹ kàn gbé e yẹ̀ wò. Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì lọ́dún 1850. Lọ́dún 1855 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àìsàn lé e padà sílé, kò sì tún fojú kan ilẹ̀ Yorùbá mọ́. Ogun run Ìjàyè, níbi tó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, lọ́dún 1862. Lọ́dún 1875, ó kú ní Georgia, àìsàn ọpọlọ ló ṣe é gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá pa ìwé ìṣirò dé lọ́dún náà á ní iṣẹ́ ọkùnrin yìí ti ṣòfò. Ọdún 1898 ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, iṣẹ́ ìṣègùn wọn tẹ̀ lé e lọ́dún 1907. Mi ò ní Ọlọ́run búra ilé-ìwé àti ọsibítù fún Bowen o. Ohun tí mo ń wí kò ju pé ọjọ́ ikú òṣìṣẹ́ kọ́ ni ọjọ́ tí a ń ṣírò iṣẹ́.

Ó wá ku ẹsẹ màmá fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì gbọ́dọ̀ bá yín sọ òótọ́. Aísáyà 54:13 ní: “A ó sì kọ́ gbogbo àwọn ọmọ rẹ láti ọ̀dọ̀ Olúwa wá, àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ yóò sì pọ̀.” Jerúsálẹ́mù ni Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó pè é ní àgàn àti opó tí ojú ń tì. Àwọn ọmọ tó wí ni àwọn èèyàn ìlú náà. Ṣé màmá ṣìnà bí wọ́n ṣe gbà á fáwọn ọmọ inú wọn? Rárá, ìyá tó ń fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run gbàdúrà lórí ọmọ rẹ̀ kò ṣìnà. Ṣùgbọ́n kò sí nínú ẹsẹ yẹn pé ẹnìkan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ báyìí kò ní lè kọ̀. Nítorí náà mi ò lè kọ ọ́ fún yín pé dandan ni kí ẹ̀gbọ́n yín padà. Ẹni tó bá kọ ọ́ fún yín, ẹ bi í pé níbo ló ti rí i.

Ohun tí mo lè kọ nìyí. Jésù mú ẹsẹ yẹn gan-an sọ̀rọ̀ nínú Jòhánù 6:45, pé gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ti Baba tó sì kẹ́kọ̀ọ́, á wá sọ́dọ̀ òun. Ẹsẹ mẹ́jọ ṣáájú rẹ̀ ló ti sọ pé ẹni tó bá tọ òun wá, bó ti wù kó rí, òun ò ní ta á nù. Ìlérí yìí kò ní déètì, kò sì nílò kí màmá wà láàyè kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n yín ló ni ín. Ó lè fi ṣẹ̀fẹ̀ títí di alẹ́ òní, bó bá dìde lọ́la tó wá, ìlérí náà á gbà á.

Ẹ máa pe ẹ̀gbọ́n yín lórí fóònù. Ẹ bi í ní iṣẹ́, ẹ bi í ní ìyàwó àti ọmọ. Kó má jẹ́ pé bó bá ti rí nọ́ńbà yín ló ti mọ̀ pé ìwàásù dé. Bíbélì màmá, ẹ fi déètì ọdún 1999 sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹ má fi ti wòlíì kún un. Bó bá sì wálé lọ́jọ́ kan tó béèrè ohun tí màmá fi sílẹ̀, òun ni àkọ́bí, ẹ gbé e fún un.

Owó ẹbọ ọpẹ́ ńkọ́? Ẹ má san kọ́bọ̀. Ọpẹ́ kí ni, nígbà tí ohun tó sọ ò ṣẹ? Diutarónómì 18:22 ní wòlíì tó bá sọ̀rọ̀ lórúkọ Olúwa tí ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣẹ, Olúwa kọ́ ló rán an, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Bó bá tún pè yín pé ìbínú Ọlọ́run ń bọ̀ lórí ilé yín, ẹ ṣí ibẹ̀ kí ẹ kà á sí i létí.